Obìnrin Tó Wà Lára Ògiri

Kílíníìkì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí oògùn, kò sì sí ibùsùn. Yàrá kan ni lẹ́yìn ilé ìkàwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí tẹ́lẹ̀, àwọn àga náà ò sì tíì kúrò tán. Ẹni tí ìjọba tàbí alágbára kan bá fẹ́ pa lẹ́nu mọ́ ló ń wá síbẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè bá a jà fún ẹ̀tọ́ tó ní láti sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà kan, bàbá kan tí ibà ń ṣe jókòó síbẹ̀ títí ó fi kàn án. Wọ́n bi í pé kí ló sọ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan, òtútù ló ń mú òun. Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí wọ́n tó fi ọ̀nà ilé ìwòsàn hàn án.

Olùkọ́ tó ń darí ibẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkurú kan tó máa ń gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sórí irun, táá sì máa wá a kiri. Kò-Tíì-Tó làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan ẹjọ́, yóò dìde, yóò ka orúkọ ẹni tó pe ẹjọ́ náà sókè, yóò sì sọ bóyá òun mọ onítọ̀hún. Ẹni tó bá ní ẹbí lápá kan ò lè gbèjà apá kejì.

Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ ayàwòrán dé, Lọ́yà Ọ̀la ló dìde. Ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ló ń pè é ní Lọ́yà Ọ̀la láti kékeré, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e dé ilé ẹ̀kọ́. Ó ka orúkọ ẹni tó pe ẹjọ́ ketekete, ó ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n rí, mà," ó sì fọwọ́ sí i.

Irọ́ kọ́ ló pa. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin tó ka orúkọ rẹ̀ yẹn gan-an ló tọ́ ọ dàgbà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nínú yín, èyí tó wà nínú ìwé ìjọba? Kí olúwarẹ̀ rò ó dáadáa kó tó dáhùn. Àǹtí Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é, títí kan bàbá Lọ́yà Ọ̀la tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, títí kan ẹni tó ń wá gbé ìdọ̀tí. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, Nọ́ọ̀sì sì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Nígbà tí ìyá Lọ́yà Ọ̀la kú, tí bàbá rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ẹrù kì í gbélé, òun ló gba ọmọ náà sọ́dọ̀. Orúkọ àgbà nínú ilé yẹn dà bí àwọ̀tẹ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó wà, kò sẹ́ni tó ń ní kí wọ́n yọ ọ́ wò. Àtìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì ló ti máa ń lọ ìpàdé. Ìpàdé kí ni? Ọmọ wo ló máa bi í?

Ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ ò ṣòroó yé èèyàn. Ní ìhà kejì ìlú, tó jìnnà gan-an sí ilé Àǹtí Àgbà, ẹ̀rọ omi kan wà ní ìkóríta. Ìgbìmọ̀ omi ṣe ayẹyẹ ìṣíde rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kun táǹkì rẹ̀, wọ́n tún ṣí i. Wọ́n pààrọ̀ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n tún ṣí i. Ayàwòrán kan ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì ọ̀nà, ó ń kọ pátákó fún àwọn onítajà, ògiri rẹ̀ tó kọjú sí títì ló sì fi máa ń ya ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ya obìnrin kan tó fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gé ríbọ́ọ̀nù níwájú ẹ̀rọ omi. Alángbá kan yọrí lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ó ń wo obìnrin yẹn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

Alága ìgbìmọ̀ omi pe ẹjọ́. Ó ní òun ni wọ́n yà, wọ́n sì ti sọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú ayé. Ó fẹ́ kí kóòtù ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ògiri náà, kí ọkùnrin yẹn má sì ya ohunkóhun síbi tí ará ìta lè rí mọ́ láé. Ayàwòrán tí ará ìta ò gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ rẹ̀, kó kúkú lọ máa ta iyọ̀.

Lọ́yà Ọ̀la ṣiṣẹ́ lórí ẹjọ́ náà bí ẹni pé ògiri bàbá rẹ̀ ni. Ó lọ sí ìkóríta, ó yí ẹ̀rọ náà wò fúnra rẹ̀. Ẹ̀kán kan ò kán. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ káàánú rẹ̀. Ó ní, "Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu, àbúrò. Ọjọ́ ìṣíde nìkan ló máa ń yọ. Ọkọ̀ tánkà ni wọ́n fi ń gbé omi wá, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló ń pè é." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ya fọ́tò ògiri náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lókè tábìlì rẹ̀ ní kílíníìkì. Tí iṣẹ́ bá ti sú u, yóò gbójú sókè wo obìnrin náà, yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì yá gágá. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó lọ kí Àǹtí Àgbà. Ó bá a níbi tó ti ń lọ aṣọ.

"Ẹ káàsán, mà."

"Lọ́yà Ọ̀la mi. O rù. Ṣé ìwé náà lo ń jẹ ni?" Àǹtí Àgbà ò gbójú kúrò lára aṣọ. "Aṣọ kóòtù rèé. Báàgì mi wà lórí àga, mú fọ́tò inú ẹ̀ jáde. Wọ́n ti yà mí sára ògiri."

Lọ́yà Ọ̀la mú un jáde. Alángbá ló kọ́kọ́ rí.

"Wò ó dáadáa," Àǹtí Àgbà wí. "Ṣé mo jọ ọ́?"

"Ẹ ò jọ ọ́ rárá, mà." Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó ronú, òótọ́ inú rẹ̀ sì ni.

"Ohun tí mo sọ fún lọ́yà mi nìyẹn. Ó ní kí n má sọ ọ́ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà di èyí tí kò ṣeé gbé mì, tí kò sì ṣeé tu dànù. Lọ́yà Ọ̀la wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Àǹtí Àgbà, níbi tó ti máa ń wò látìgbà tó ti ń bá a sọ̀rọ̀, ó ní, "Mà, mo wà lára àwọn tó ń gbèjà ẹ̀."

"Ti ta ni?"

"Ti ẹni tó yà yín, mà."

Áyọ́ọ̀nù náà lọ dé òpin apá aṣọ, ó tún padà wá. "Ṣé o mọ̀ pé èmi ni?"

"Mi ò mọ̀, mà. Orúkọ yín ló wà nínú ìwé. Mi ò sì mọ orúkọ yín."

Àǹtí Àgbà gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Lọ́yà Ọ̀la ń retí kí ilé wó lulẹ̀. Kò wó. Ojú obìnrin náà tilẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ta ni ìbá máa pè é sí ọ létí? Ilé tó dáa lo ti jáde." Ó tún mú áyọ́ọ̀nù. "Ṣùgbọ́n wàá fi ẹjọ́ yẹn sílẹ̀."

"Màá fi í sílẹ̀, mà. Òfin ló ní kí n fi í sílẹ̀."

"Òfin kọ́. Èmi ni."

Nígbà tó dé kílíníìkì lọ́jọ́ kejì, ó ro gbogbo ẹ̀ fún Kò-Tíì-Tó, bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ dórí áyọ́ọ̀nù. Kò-Tíì-Tó gbọ́ ọ tán, ó fa orúkọ rẹ̀ yọ nínú ẹjọ́, ó ní kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì tó nílò olùrànlọ́wọ́. Lọ́yà Ọ̀la ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí obìnrin náà tún pè é padà.

"Dúró ná. Ilé ẹni yìí lo ti dàgbà. O lẹ fọ́tò yìí síwájú ara ẹ. Ojoojúmọ́ lò ń wò ó. O ò sì mọ̀ pé òun ni?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Tí ọmọ tó tọ́ ò bá dá a mọ̀, báwo lará ìta ṣe máa dá a mọ̀? Tí wọn ò bá sì dá a mọ̀, ta wá ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́?" Kò-Tíì-Tó jókòó sẹ́yìn. "Ó tó," ló wí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú yàrá gbójú sókè, torí wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ayàwòrán. Ó dé pẹ̀lú ọ̀dà àwọ̀ ewé lára ọwọ́, ó kọ̀ láti jókòó torí kò fẹ́ ba àga jẹ́, bẹ́ẹ̀ àga náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Kò-Tíì-Tó ṣàlàyé fún un pé ẹjọ́ ti fẹ́ parí.

"Ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ lọ sọ ní kóòtù pé mi ò mọ àwòrán yà," ayàwòrán wí.

"Rárá o. A kàn fẹ́ sọ pé kò jọ ọ́ ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

Kò-Tíì-Tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì rẹ̀. "Wọn ò ní kun ògiri yín, sà. Iṣẹ́ yín ò ní bọ́."

"Tó bá jẹ́ torí pé kò jọ ọ́ ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Èmi fúnra mi á bá wọn po ọ̀dà. Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ, mo sì ti sọ ọ́, ojú títì ni mo sì ti sọ ọ́. Ẹ bá mi jà pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti ya obìnrin yẹn. Ẹ má bá mi jà pé mi ò yà á." Ó yíjú sí Lọ́yà Ọ̀la. "Ìwọ lo gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Lọ wò ó. O ò tíì wò ó."

Nígbà tó jáde, Kò-Tíì-Tó kọ ọ́ sínú ìwé pé oníbàárà kọ̀. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Inú sì ń bí mi."

Lọ́yà Ọ̀la padà lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, ẹ̀kọ́ náà sì ni pé tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ lọmọ ń wò. Ó mọ bàtà Àǹtí Àgbà ju bó ṣe mọ imú rẹ̀ lọ. Ó wá gbójú sókè wo fọ́tò náà, ó wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù. Ó kọ́kọ́ rí ọwọ́. Obìnrin ara ògiri fi ọwọ́ òsì gbé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ró, ó di sísọ́ọ̀sì mú rọra, bí agbẹ̀bí tó fẹ́ gé ìwọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà ló rí ẹnu. Ẹnu náà là díẹ̀, bí ẹnu ẹni tó ń retí igbe ọmọ tuntun.

Àǹtí Àgbà ni. Ta ni ìbá tún jẹ́? Ó dùn ún pé òun ti ń fi í rẹ́rìn-ín látọjọ́ yìí. Ó yọ fọ́tò náà kúrò, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, ló bá tún lẹ̀ ẹ́ padà.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Yàrá kóòtù náà kéré, fáànù kan ń yí lókè, ó ń ké bí ẹni tí inú ń run. Lọ́yà Ọ̀la jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ ò kàn ń jókòó sí. Àǹtí Àgbà wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí pẹ̀lú aṣọ tó lọ yẹn, ó sì búra. Lọ́yà rẹ̀ gbé fọ́tò ògiri sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ni obìnrin inú fọ́tò yìí?"

"Wọ́n ní èmi ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí lẹ wí?"

"Kì í ṣe èmi."

Lọ́yà náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó yí i sẹ́yìn, bóyá ìdáhùn tó fẹ́ á wà níbẹ̀. Àǹtí Àgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀. "Àwọn ará ìta ló ní èmi ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n pẹjọ́. Ọmọ tí mo tọ́ ní mi ò jọ ọ́ rárá. Ọmọ yẹn ò purọ́ fún mi rí."

Ayàwòrán dìde. "Olúwa mi, òun ni." Kò-Tíì-Tó fà á láṣọ, àmọ́ kò jókòó. "Òun gan-an ni, Olúwa mi. Mo ṣe wàhálà lórí ẹ̀."

Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ẹni tó pe ẹjọ́ ní kì í ṣe òun. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní òun ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi," àwọn méjèèjì wí pa pọ̀. Ibẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ wọn ti pa pọ̀ látọjọ́ yẹn.

"Ọmọ wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Àǹtí Àgbà nawọ́ sẹ́yìn. Gbogbo orí yí. Bí Lọ́yà Ọ̀la ṣe di ẹlẹ́rìí nìyẹn, ó búra, ó sì dúró nísàlẹ̀ àpótí níbi tí ẹni tó tọ́ ọ wà lókè.

Tó bá ní kì í ṣe Àǹtí Àgbà, ẹjọ́ tán. Wọn ò ní kun ògiri, Àǹtí Àgbà yóò gbé iyì rẹ̀ lọ sílé, inú gbogbo ayé yóò dùn, àfi ti ọkùnrin kan tó ní òun mọ àwòrán yà. Irọ́ gan-an kọ́ ni, torí òótọ́ ni lọ́jọ́ Àìkú. Èèyàn kì í sábà rí irú irọ́ tó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó gbójú kúrò lára bàtà, ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ojú Àǹtí Àgbà, ó sì fi í síbẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀yin ni. Bí ẹ ṣe máa ń di sísọ́ọ̀sì mú ló yà yẹn. Bí ẹnu yín ṣe máa ń là díẹ̀ tí ẹ bá ń retí nǹkan. Lọ́jọ́ Àìkú, mi ò tíì wò yín rí ni."

Ayàwòrán jókòó. Adájọ́ bi Àǹtí Àgbà bóyá ẹ̀rọ omi náà ń yọ.

"Ó ń yọ," Àǹtí Àgbà wí, kò tilẹ̀ rò ó. "Ojú mi ló ṣe yọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Adájọ́ wo Lọ́yà Ọ̀la. Lọ́yà Ọ̀la ò wo adájọ́. "Kò yọ, mà," ó wí fún Àǹtí Àgbà. "Èmi náà lọ yí i. Tánkà ni wọ́n fi ń gbé omi wá lọ́jọ́ ìṣíde."

Ìdájọ́ náà ò gùn. Adájọ́ ní kò sí òfin tó ní kí èèyàn má ya ohun tó rí bó ṣe rí i. Ó ní kí wọ́n fi ògiri sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì pe ẹjọ́ tó kàn. Ayàwòrán bọ Kò-Tíì-Tó lọ́wọ́, ọ̀dà àwọ̀ ewé sì wà lọ́wọ́ obìnrin náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Níta, Àǹtí Àgbà na báàgì rẹ̀ sẹ́yìn láì wẹ̀yìn, Lọ́yà Ọ̀la sì gbà á, bó ṣe máa ń gbà á láti kékeré. Wọ́n wọ takisí. Àǹtí Àgbà ò sọ ọ̀nà ilé fún awakọ̀, ìkóríta ẹ̀rọ omi ló ní kó gbé àwọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó kọjá níwájú ògiri láì wò ó, ó lọ dúró ti ẹ̀rọ náà, ó yí i. Ẹ̀rọ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó yí i dé òpin. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ró, ó tẹ́wọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ń retí, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ta ló mọ̀?"

"Gbogbo àdúgbò, mà."

"Àwọn ìgbìmọ̀ mi ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀, mà."

"Akọ̀wé mi? Ẹni tó ń gbé sísọ́ọ̀sì fún mi?"

"Òun ló ń pe tánkà, mà."

Àǹtí Àgbà fi ọwọ́ gbígbẹ náà nu ara aṣọ rẹ̀, bí ẹni pé ó tutù. "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kò sẹ́nì kan tó lè sọ ọ́ sí mi létí?"

"Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, mà."

Obìnrin náà yíjú sí i, Lọ́yà Ọ̀la ò sì wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé Àǹtí Àgbà ti darúgbó, pé omi ti lé sí i lójú, àti pé ayàwòrán ò yà á tán.

"Ìwọ náà máa ń ṣe é fún mi tẹ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Má ṣe irú ẹ̀ fún mi mọ́."

Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà padà, ó tì í pinpin kí omi má baà ṣòfò, ó sì kọjá sínú takisí.